Ọ̀gá Mi, Ẹ Má Pa Rédíò Yẹn

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ohùn yín kò ní há. Ẹ má dárúkọ mi. Ẹni tí mò ń bá wí á dá mi mọ̀.

Ilé ìṣerun ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo lóyún, yàrá ẹ̀yìn tí kò ní fèrèsé ni ọ̀gá mi ti ń mú mi fi ọwọ́ lásán po rílásà, ìpara tí wọ́n fi ń na irun. Mo ní òórùn rẹ̀ ń rìn mí. Ó ní, "Oyún kì í ṣe àìsàn, jàre." Àmọ́ nígbà tí ọmọ tirẹ̀ lóyún, kò jẹ́ kó dé ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn. Ó ní kẹ́míkà ibẹ̀ ń da họ́mọ̀nù ọmọ inú rú.

Ó mọ̀!

Ojú ara ọmọkùnrin mi ò pé nígbà tí mo bí i; wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní òun ò lè búra pé rílásà ló fà á, òun ò sì lè ní kì í ṣe rílásà.

Àwọn ẹbí ní kí n fi ṣe osùn, kí n fi para. N ò fi para! Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé.

Olóòtú, ètò yín ni ọ̀gá mi máa ń tàn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gbọ́ wa báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fèsì, kí àwọn oníbàárà lè yíjú wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí àga, ẹ bá mi bi í: ta ló ń po rílásà ní yàrá ẹ̀yìn lónìí?