Ṣòkòtò Tí Kò Níwájú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí n dúró níwájú àwọn tó máa yẹ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé mi wò. Ọdún méje nídìí ìṣirò! Iṣẹ́ mi ò ṣòroó sọ, ṣíṣe ẹ̀ ló pa mí: awọ tínrín kan ni, tó ń fẹ̀ sí i níbi gbogbo bí etí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ léra. Ìrísí tó lè ní pọ̀ lọ jàra. Kó gbogbo ìrísí yẹn jọ, kí o wọn bí àkójọ náà ṣe tóbi tó — òun náà nìyẹn. A máa ń gé awọ ọ̀hún sí ègé oníbàdí kan, ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ṣòkòtò là ń pè é. Èmi ọmọ aránṣọ, níbo ni mo fẹ́ sá gbà?

Àlejò, ẹni tó ń bọ̀ láti yunifásítì mìíràn wá yẹ̀ mí wò, ti kọ̀wé. Orí kẹta ló wù ú jù.

Ọjọ́rú, 5

Màmá pè, ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Oníbàárà kan wá bá wọn jà pé wọ́n rán ṣòkòtò onírọ́bà òun sẹ́yìn. "Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo kàn yí ẹ̀yìn ẹ̀ síwájú, mo dá a padà fún un. Ó ní, 'Ẹ̀hẹn, ó ti dáa báyìí!' Ṣòkòtò onírọ́bà, ṣé ó níwájú ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀, 6

Orí kẹta. Ṣòkòtò tí mo rán ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì mọ́ra wọn, tí mo wá fi ìbàdí ẹ̀ so mọ́ awọ yòókù. Mo kọ ọ́ pé ìbàdí náà gbọ́dọ̀ yí po tán kí ìrísí àkọ́kọ́ tó padà. Irọ́. Ìdajì ti tó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á bọ́ sípò òsì, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, bíi ti oníbàárà Màmá. Ìrísí kan ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì! Orí kẹrin àti ìkarùn-ún dúró lé nọ́ńbà yẹn lórí. Ọdún méje tí mo fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Kò ṣeé tún ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo fi ìdajì sí i, mo tún un ṣírò láti òkè délẹ̀. Ohun tí mo sọ pé mo fi hàn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi tán lẹ́yìn ẹja. Mi ò jẹun. Mo sunkún sórí bébà.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo lọ bá Ọ̀gá Gíláàsì — olùtọ́sọ́nà iṣẹ́ mi, tó máa ń wá gíláàsì tó wà lójú wọn. Oṣù yìí ni wọ́n ń fẹ̀yìn tì. Mi ò tíì sọ ju "Sà" lọ tí wọ́n ní, "Ìwọ ni mo fi parí. Mo ka orí kẹta lẹ́ẹ̀mẹta, kò lábùkù." Mo ní mo kàn yà kí wọn ni. Ojo!

Ọjọ́rú, 12

Mo ti kọ lẹ́tà: àṣìṣe wà, mo fa ìwé mi sẹ́yìn. Ó wà nínú báàgì. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni màá fún wọn.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ènìyàn márùn-ún nídìí tábìlì. Ọwọ́ mi wà nínú báàgì. Àlejò ṣí orí kẹta. Ó ní, "Odindi yíyí ni, àbí ìdajì? Ó dá yín lójú?" Ọ̀gá ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ní, "Odindi ni, sà. Ó dá mi lójú."

Ó ní, "Mo rò bẹ́ẹ̀ náà." Ó ṣí ìwé síwájú.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Màmá pè. Wọ́n ní, "Dókítà!" Mo dáhùn.