Ta Ló Kọ́kọ́ Bá Ọ Wò Ó?

New Brighton, Gqeberha,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje.

Phumza, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ o, mo kí gbogbo ará ilé rẹ ní Durban, mo sì kí ọ kú òtútù, bí ẹ bá tiẹ̀ ní òtútù kankan níbẹ̀. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kí orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní o kí mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni, èébú ni ǹ bá fi dá ọ lóhùn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má pè ọ́ lórí fóònù ni, torí o máa ń fi ẹ̀rín já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Fúláàṣì tó o kó fíìmù sí ránṣẹ́ dé, pẹ̀lú ìwé pélébé tó o kọ: èyí tó yẹ ká wò, èyí tí a kò gbọdọ̀ wò bí a bá ń jẹun, èyí tó máa pa wá lẹ́kún. O ṣeun gan-an. Nígbà tí èmi àti ìwọ wà ní ọmọdé, ta ló rò pé fíìmù nípa obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin máa pọ̀ débi tí a ó fi máa ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà? Ti àwọn ìyá àgbà méjì tó ń sin ewúrẹ́ ní Lesotho, ẹ̀ẹ̀mejì la wò ó. Ti àwọn ọkùnrin méjì tó ń wa ọkọ̀ ojú irin bí mi nínú, torí wọ́n tún pa ọ̀kan nínú wọn. Kí ló dé ná? Bí àwa bá ti fẹ́ràn ara wa nínú fíìmù báyìí, àfi kí nǹkan gbá ẹnì kan pa!

Èyí tó dá wàhálà sílẹ̀ ni ti àwọn nọ́ọ̀sì, alápá mẹ́wàá. O mọ òfin ilé wa. Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti Nolubabalo, obìnrin mi, ti ń gbé pọ̀, kò sì sí òfin tí a kò tíì rú, àfi ọ̀kan: ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ wo apá tó kàn lẹ́yìn ẹnì kejì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń wò ó, tíì lọ́wọ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀ àwa méjèèjì. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ tọ̀, a ó dá fíìmù dúró dè é.

A dé apá kẹta. Nọ́ọ̀sì àgbà na ọwọ́ sí dúróà tábìlì rẹ̀. Kò tíì fà á o, Nolubabalo ti bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tó fà á tán ni òròmọdìyẹ fò jáde. Mo yíjú sí i. Mo ní, "Kí lò ń rín?" Ó ní, "Òròmọdìyẹ yẹn ni." Mo ní, "Òròmọdìyẹ wo? Nígbà tó o rẹ́rìn-ín, inú dúróà ló ṣì wà!" Ó ní, "Vuyiseka, jọ̀ọ́, máa wo fíìmù ẹ." Phumza, afẹ́fẹ́ ti fẹ́, mo ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ó ti bá ẹlòmíràn wò ó.

Má rẹ́rìn-ín. Mo jowú débi tí oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi. Ká ní fíìmù ìbọn ni, ǹ bá gbójú kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí èèyàn bá jókòó tì láti wo fíìmù àwa èèyàn wa kì í ṣe ẹni lásán, ẹni tí o lè sunkún níwájú ẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Mo rí i pé fúláàṣì kì í sí nílé ní ọjọ́rú, bó bá sì di ọjọ́bọ̀, á ti padà sínú àwo tá a ń kó kọ́kọ́rọ́ sí. Ọkàn mi lọ tààrà sọ́dọ̀ Babalwa, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, èyí tó máa ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín.

Bí ọjọ́rú ṣe dé, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo gba ilé ìkàwé lọ lọ́sàn-án gangan. Babalwa nìkan ló wà nídìí tábìlì, ó ń lẹ ìwé tó ya. Ó ní, "Háà, àǹtí, wọ́n ti lọ láti aago méjìlá. Ọjọ́rú gbogbo ni wọ́n máa ń tètè lọ. Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ ni?" Àánú tó wà lójú ẹ̀ yẹn dùn mí ju ìgbájú lọ. Mo ti ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ lásán.

Mo délé, mo kó aṣọ Nolubabalo sínú báàgì méjì, mo gbé wọn sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó wọlé, ó wo báàgì, ó wò mí. Mo ní, "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́. Ta ló kọ́kọ́ bá ọ wò ó?"

Ó ní, "Màmá mi."

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. MaMpinga kẹ̀? Obìnrin tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilé wa láti ọdún mẹ́sàn-án! Níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀, ó nàka sí mi lójú gbogbo ẹbí, ó ní ayálégbé ọmọ òun ni mí. Mo ní, "Nolubabalo, wá irọ́ tó dáa ju ìyẹn lọ." Ó jókòó lé ọ̀kan nínú àwọn báàgì náà. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n kọ ojú sí ògiri. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí n gbé ohùn ẹ̀ sókè díẹ̀. Ti òròmọdìyẹ yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn." Mo bi í pé kí ló dé tó fi pa á mọ́ fún mi. Ó ní, "Torí bí mo bá sọ fún ẹ, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Bí wọ́n bá tún wá kọ̀ ẹ́, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Kí n má purọ́ fún ọ, inú mi kò rọ̀. Owú tí mo kó kúrò lórí Babalwa, ìyá ni mo dì í rù. Mo ní, "Ó dáa. Èmi náà ń bọ̀ lọ́jọ́rú." Mo fi báàgì sílẹ̀ níbi tí mo gbé wọn sí.

Ọjọ́rú yìí ni a lọ sí ilé MaMpinga ní KwaZakhele. Kò kí mi, kò sì lé mi. Ó kàn ní, "Jókòó, o ń dí mi lójú." Wọ́n ti dé apá keje, n kò tiẹ̀ mọ ẹni tó ti bímọ, ẹni tó ti kúrò níṣẹ́. Ìyá nọ́ọ̀sì kékeré ń sọ nínú fíìmù pé òun kò ní lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ òun àti obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. MaMpinga pòṣé. Ó ní, "Òmùgọ̀ obìnrin." Phumza, òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀ o!

Nígbà tó parí, mo dìde lọ po tíì kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Mo gbé e wá fún un. Kò gbà á. Orí mi ló ń wò. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò borí? Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé tíì wá bá mi nínú ilé yìí?" Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Ọdún mẹ́sàn-án, ó kù kó wá kan irun mi! Mo ti la ẹnu láti fún un lésì, ni mo rí Nolubabalo tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, tí omijé ń dà lójú ẹ̀.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Àlejò lè ṣí orí sílẹ̀ nílé MaMpinga títí di ọ̀la. Ayálégbé lè ṣí i. Ìyàwó ilé nìkan ni kò gbọdọ̀ ṣí orí níwájú ìyá ọkọ.

Màmá fa aṣọ ìborí kan yọ lẹ́yìn àga, wọ́n jù ú sí mi. Mo gbé ife sílẹ̀, mo wé e. Mo tún fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíì náà fún wọn, wọ́n sì gbà á. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, "Ṣúgà ẹ̀ kò tó."

Mo ti tú báàgì. Ṣùgbọ́n owú kò tán o, torí mo máa ń wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́rú, wọ́n sì ti fẹ́ wo apá kẹjọ láìsí mi. Bí a ti ń sunkún náà la ń ríran.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ fún mi. Kí orúnkún rẹ gbé ọ dé ibi ayọ̀, kí ìwọ náà rí ẹni tí yóò dá fíìmù dúró dè ọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, òjòwú,
Vuyiseka.

Àfikún: Màmá béèrè ẹni tó ń fi àwọn fíìmù wọ̀nyí ránṣẹ́, mo dárúkọ rẹ. Wọ́n ní kí o má fi èyí tí wọ́n ti ń kú ránṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní kí o wá ọ̀kan tí ìyá ti lọ síbi ìgbéyàwó náà, torí àwọn fẹ́ wo irú aṣọ tí ìyá wọ̀.