Wáyà Pupa Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Ihò Áńpíà

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé,
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta.

Farabalẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Jọ̀wọ́, gbà á lẹ́nu mi. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wa ti fúyẹ́? Iṣẹ́ bàtà ńkọ́, ṣé àwọn oníbàárà rẹ ṣì ń gbé bàtà wá láàárọ̀ tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ wọ̀ ọ́ jáde lọ́sàn-án? Ara wa le níbí. Eyín iwájú ọmọ mi kékeré ti ká, àmọ́ ìyẹn ò ní kó dín ọ̀rọ̀ kù.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ka ibi tí o ti sọ pé ọmọ rẹ obìnrin fẹ́ kọ́ṣẹ́ iná, tí o sì kọ̀ jálẹ̀, pé ọwọ́ ìdílé yín ò gba iná, pé àìfarabalẹ̀ tìrẹ ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi dáadáa láti ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe àìfarabalẹ̀ rẹ. Èmi ni.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí mítà tí a fi ń wọn iná bú gbàù lọ́wọ́ rẹ, nígbà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ iná? Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá wa ní kí n yẹ áyọ́ọ̀nù kan wò. Mo ki wáyà pupa mítà bọ ihò áńpíà, èyí tí a fi ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn tó, mo rí áńpíà márùn-ún. Iná ilé jẹ́ 220 fólítì. Wọn ò ṣèèṣì sọ mí ní Atètèdáhùn. Kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò, mo ti fi márùn-ún pín 220, ìdènà tí áyọ́ọ̀nù náà ń ṣe fún iná jẹ́ óòmù mẹ́rìnlélógójì. Mo tún fi márùn-ún sọ 220 di púpọ̀, agbára rẹ̀ jẹ́ 1,100 wáàtì. Mo sáré jáde lọ ròyìn fún ọ̀gá kó lè yìn mí, mo sì fi wáyà pupa sílẹ̀ níbi tó wà.

O mọ òfin ọ̀gá: ẹni tó bá lo mítà gbẹ̀yìn ni kó dá wáyà pupa padà sí ihò fólítì. Ìwọ wọlé, o yí ojú mítà sí fólítì, o fi kan iná ara ògiri. Nígbà tí èéfín túká, ìka rẹ méjì ti bó. Ọ̀gá bi mí bóyá mo dá wáyà padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kíákíá, bí mo ṣe máa ń dáhùn ìṣirò. Ó wá gbà pé ìwọ lo ki í bọ ihò áńpíà. Látìgbà náà ni ọ̀gá ò ti pè ọ́ ní Farabalẹ̀ mọ́. Kò pé oṣù kan tí o fi kó irinṣẹ́ sílẹ̀. Mo bá ọ gbé àpótí rẹ dé ìdíkọ̀, n kò sì la ẹnu.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ku ọdún kan kó pé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí mítà ṣe ń jóná. Mo ní nínú ihò áńpíà, ìdènà mítà lè má ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá óòmù lọ. Wọ́n fi pín 220, ó di 2,200 áńpíà. Wọ́n wá agbára rẹ̀, ó di 484,000 wáàtì. Mo dúró níwájú pátákó, mo ń rò ó pé agbára òjìlénírinwó áyọ́ọ̀nù bíi tàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló jó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ kí fíúsì ilé tó já. Ìyá aránṣọ kan wà ní kíláàsì náà, tó fẹ́ mọ bí òun á ṣe máa tún ẹ̀rọ òun ṣe. Ó nawọ́.

"Tíṣà, ta ló fi wáyà síbẹ̀?"

Mo ní ẹni tó lò ó ṣáájú ni.

"Kí wá ni wọ́n fi ẹni yẹn ṣe? Torí ẹni tó jóná ni gbogbo ayé máa bú."

Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé. Àkókò ò tíì tó.

Lánàá, mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ó ti darúgbó, kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó ní, "Farabalẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́?" Mo ní rárá. Ó ní kí n dìde nílé òun kí n lọ kọ̀wé sí ọ.

N kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ojú ń tì mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má fi ẹ̀bi mi dí ọ̀nà ọmọ rẹ. Jẹ́ kó kọ́ṣẹ́ náà, lọ́dọ̀ mi tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí o bá fọkàn tán jù mí lọ. Fi lẹ́tà yìí hàn án, kó mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ bàbá òun.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti ìyá wa. Bí wọ́n bá gbọ́ tí wọn ò jẹ́ ìkíni mi, má bá wọn wí.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀,
Atètèdáhùn.