Ligneus, Ohun Tí A Fi Igi Ṣe

Àdúgbò Glass, nílùú àwọn tó ń sọ Faransé, Ọjọ́bọ̀, oṣù kejì, 1962

Òní ni mo fẹ́ sọ fún Ràbí ọmọ mi pé kó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kó wá máa bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bá a tó ń ka Látìn.

Ó fọwọ́ kan àga mi. "Bàbá, lignum ni igi. Ohun tí wọ́n bá fi igi ṣe, ligneus ni. Bó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tó jẹ́ abo, á di lignea."

Ọ̀rọ̀ tún ní akọ àti abo!

"Wúrà ńkọ́?"

"Aurum."

"Tí wọ́n bá fi wúrà ṣe é, aureus nìyẹn!" Èmi ni mo sọ ọ́ o.

Ó pàtẹ́wọ́. "C'est ça, Bàbá! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni!"

Ọmọ yìí mọ nǹkan. Mo ti ní kí ìyá rẹ̀ bá mi wá ẹlòmíràn sí ṣọ́ọ̀bù. Ràbí ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lẹ́nu mi nígbà tí mo wá bá a.