Ọwọ́ Òsì Ń Retí Ìkẹrin

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ti kéde rẹ̀. Ìkẹrin ń bọ̀. Ogúnjọ́ oṣù yìí gan-an. Ọdún mọ́kànlá láti ìgbà tí Ìkẹta ti jáde, tí àwọn tó ń ṣe é dákẹ́ bí ẹni bu omi sẹ́nu.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, torí inú mi dùn lónìí, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Eré ogun àtijọ́ ni, ti orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á fún ọ ní àgbẹ̀ mẹ́fà àti ilé kan. O máa gégi, o máa dáko, o máa wa irin, o máa mọ odi, títí o fi máa ní ọmọ ogun tó lè lọ wó ìlú ẹlòmíì. Láti ayé òkúta títí dé ayé ìbọn. Kò sí pé kí o ṣe tìẹ tán kí n tó ṣe tèmi: gbogbo ẹ̀ ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá tẹjú mọ́ ogun jù, ebi á pa ará ilé.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni Bàbá wa ní. Ìdí nìyẹn tí èmi àti àbúrò mi fi pín eré náà. Ó jókòó lápá ọ̀tún, ó di máòsì mú, ogun ni tirẹ̀. Èmi lápá òsì, mo ń tẹ bọ́tìnnì, oko ni tèmi. Ọwọ́ Ọ̀tún àti Ọwọ́ Òsì – orúkọ tí à ń pe ara wa nìyẹn títí a fi hu irùngbọ̀n. Kò mọ oko dá. Èmi ò mọ ogun jà. Àwọn tí à ń nà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ò mọ̀ pé èèyàn méjì ló ń nà wọ́n.

Ọdún márùn-ún rèé tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ìkẹrin dé tán, kò sì sí ọmọ ogun tó ń fi ebi jagun. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Á wá mi wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Mo tún wo fídíò ìkéde náà. Ẹ̀ẹ̀kẹrìnlá.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù awò ojú mi. Mo fi dígí ojú òsì oníbàárà kan sí ojú ọ̀tún. Ó gbé awò náà sójú, ó ní ilẹ̀ ń yí. Mo tún un ṣe, mo bẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Ọ̀gá Káńtà – obìnrin tó ń gba oníbàárà níwájú ṣọ́ọ̀bù, èmi ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí ó ń pàṣẹ fún mi – ní ọkàn mi ò sí nílé. Mo ṣàlàyé Ìkẹrin fún un. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó wá bi mí bóyá nǹkan yẹn ló ń jẹ́ kí ọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì máa dá rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ. Mo ní kó lọ dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí àbúrò mi wà níbí, èmi ń gé dígí, òun ń to férémù. Èmi ni mò ń ṣe méjèèjì báyìí. Kò sí ohun tó ṣe mí.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́! Wọ́n ní nínú Ìkẹrin, bí àgbẹ̀ bá gé igi kan tán, á wá òmíràn lọ fúnra rẹ̀. Bí oko bá ṣá, á dá òmíràn. Kò ní sí ẹni tó ń dúró láìníṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní ó máa rọrùn fún aráyé.

Ta ló bẹ̀ wọ́n ní ìrọ̀rùn? Iṣẹ́ mi nìyẹn! Ọdún méjìlá ni mo fi mọ̀ ọ́n – àgbẹ̀ tí iṣẹ́ ti fẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti mọ̀ kó tó dúró. Ṣé atẹbọ́tìnnì lásán ni mí ni?

Mo kọ ìwé ẹ̀hónú sójú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwa olólùfẹ́ eré náà ti ń sọ̀rọ̀. Ìlà mẹ́tàlélógójì. Ẹnì kan fi ẹ̀rín fèsì. Òmíràn ní kí n lọ sùn. Ṣùgbọ́n igba èèyàn ó lé ló ti fọwọ́ sí i kí n tó jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Àǹtí wa, àkọ́bí ilé, yà sí ṣọ́ọ̀bù torí awò rẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀ nímú. Èmi ni mo to férémù yẹn lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tó ń tú.

Ó máa ń dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi, ó máa ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìjà yẹn ló ti sọ pé òun ò ní gbé ọ̀rọ̀ láti ilé kan dé ìkejì, kí wọ́n má fi òun ṣe afárá. Mo bi í bí ara àbúrò mi ṣe wà. Ó ní ara ẹ̀ le. Mo ní ṣé àbúrò mi ti gbọ́ nípa Ìkẹrin. Ó ní, "Bi í." Ó gba awò rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ ìjà yẹn. Jẹ́ kí n kọ ọ́, bóyá á kúrò lórí mi. Ó ní òun fẹ́ lọ dá ṣọ́ọ̀bù tòun sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fẹ́ wá pàdé rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà méjì jókòó. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Tó o bá débẹ̀, ta ni á máa bá ẹ ronú?"

Ó to àwọn sukurudírẹ́fà rẹ̀ sórí tábìlì, láti kékeré dé ńlá, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó tẹ̀lé nọ́ọ̀sì jáde. Mo rò pé á padà wá lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹni tí kò lè bọ́ àgbẹ̀ mẹ́fà!

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ti sún un síwájú. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá. Wọ́n ní àwọn ṣì ń tún nǹkan ṣe. Ọdún mọ́kànlá ò tó wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹnikẹ́ni ò sì bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ṣí Ìkẹta, ti àtijọ́, kí n wò bóyá ọwọ́ mi ṣì yá. Àká mi kún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ohun tí mo lè fi í ṣe. Mo jẹ́ kí àwọn ọ̀tá wá jó o.

Ṣùgbọ́n mo wo ìwé orúkọ àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ de Ìkẹrin. Ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ Ọ̀tún! Kò yí orúkọ náà padà. Ẹni tó bá kórìíra mi, ṣé á ṣì máa jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún? Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Òun náà mọ̀.

Mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i. Mo pa á rẹ́. Èmi ni ẹ̀gbọ́n.

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kẹsàn-án

A borí! Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Àgbẹ̀ adáṣiṣẹ́ kò ní sí nínú ìdíje mọ́, torí ẹ̀hónú àwa olólùfẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun, kó fọwọ́ ara rẹ̀ dáko. Ẹ̀hónú tèmi ni! Mo ka ìkéde náà sókè fún Ọ̀gá Káńtà.

Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò kàn lè pe àbúrò yín lórí fóònù ni?"

Mo ní tó bá ti gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kó wá máa gé dígí. Ojú rẹ̀ fà ro. Kò kí mi nígbà tó ń lọ sílé. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń ṣe báyìí sí èèyàn. Mo mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Mo gbá yàrá kọ̀ǹpútà. Mo nu tábìlì. Mo gbé àga kejì wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi í sápá ọ̀tún. Mo tún gbé e jáde. Mo tún gbé e wọlé.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí: mi ò ní lo orúkọ mi. Màá wọlé bí àlejò, màá bá a ta. Màá mọ odi yí ìlú mi ká, màá jókòó. Tó bá di ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, àká rẹ̀ á gbẹ. Àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ á dúró bí igi. Nígbà náà ni màá kọ ọ́ sí i pé, "Ọwọ́ Òsì rèé." Òun ni á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kẹwàá

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa ní ọ̀sán. Gbogbo ayé ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní kí n tò sẹ́yìn ẹgbàajì èèyàn. Nígbà tí ó fi kàn mí, Ọwọ́ Ọ̀tún ti jáde.

Orin ìbẹ̀rẹ̀ eré náà dùn. Mi ò lè parọ́. Ó dùn débi pé mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi láti sọ fún ẹnì kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀sán gangan. Orúkọ àbúrò mi hàn, iná aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń wá ẹni tí wọ́n á jọ ta. Mo wọlé.

Mo mọ odi. Mo dáko. Oko mi dára, àgbẹ̀ ọgọ́ta, ẹnì kan ò ṣíwọ́. Mo rán ẹlẹ́ṣin kan lọ yọjú wo ìlú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹjọ. Ìgbà tí mo fi máa ń pariwo mọ́ ọn nìyẹn láyé àtijọ́ pé igi ti tán.

Igi ò tán. Àgbẹ̀ rẹ̀ kan gé igi kan parí, kò tíì gbọ́wọ́ sílẹ̀, ó ti kọrí sí òmíràn. Oko ṣá, oko tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wá ẹni tó dúró láìníṣẹ́ jákèjádò ìlú yẹn. Mi ò rí ẹyọ kan. Bí èmi ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ ni.

Ìṣẹ́jú kejìlá, ó dé pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin àti tafàtafà. Mo ní ọmọ ogun tó pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Mo di máòsì mú, mi ò mọ ibi tí màá rán wọn sí. Wọ́n dúró lẹ́bàá odi bí oníbàárà tó ń retí kí wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n sì ń kú níkọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Àká mi kún fọ́fọ́ nígbà tí wọ́n jó o.

Ó kọ̀wé sí mi. "Ẹ ṣeun. Ẹ mọ oko dá gan-an."

"Ẹ". Bí wọ́n ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹwàá

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo lọ bá Àǹtí wa nílé rẹ̀, ó ń ká aṣọ. Mo rojọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní ìyàwó rẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì yẹn ló jókòó lápá òsì tó ń bá a dáko. Mo ní ẹni méjì ò gbọdọ̀ dojú kọ ẹnì kan, ìrẹ́jẹ ni.

Ó ká ẹ̀wù kan parí, ó gbé e sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó ẹ̀ wà níbi iṣẹ́ lánàá. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ọmọ sùn lé e lápá ọ̀tún, kò sì fẹ́ jí i. Ọwọ́ òsì ló fi ta gbogbo ẹ̀."

Mo ní, ọmọ wo.

Ó ní oṣù mẹ́jọ ni. Obìnrin. Òun ti búra pé òun ò ní gbé ọ̀rọ̀ kiri, òun náà sì ti ń jìyà ìbúra yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n bí i.

Mo jókòó sórí aṣọ tó ti ká. Kò lé mi dìde. Mo bi í bóyá àbúrò mi mọ ẹni tí wọ́n jọ ń ta. Ó ní kò jọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní nígbà tó ń parí, ó mi orí, ó ní, "Ẹni yìí mọṣẹ́ o. Ó jọ pé kò ní ẹnìkejì ni."

Mo bi í pé kí ni orúkọ ọmọ náà.

"Bi bàbá ẹ̀."

Mo ti padà sílé. Àga kejì ṣì wà níbi tí mo gbé e sí. Iná aláwọ̀ ewé ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ láti aago mẹ́rin, ọwọ́ mi sì wà lórí bọ́tìnnì. Mi ò tíì tẹ ọ̀kan.