Ọjà tí Òjò Ò Ní Kó Lọ

Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà. Àlàáfíà ni mo wà ní Atakpamé ní Tógò níbí. Ikọ́ tí ẹ gbọ́ lórí fóònù yẹn, eruku ni.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀kọ́ ìyàwòrán ilé mi dá àwòrán ilé ìtura tí mo yà padà. Ó ní, "Mùnírátù, ilé yìí rẹwà, àmọ́ ta lo ń yà á fún?" N kò sunkún púpọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wà ní ìsọ̀ Àǹtí Àwẹ̀ní tó ń ta aṣọ nínú ọjà nígbà tí òjò dé. Àgbàrá ya láti orí òkè, ó ń gbé aṣọ títà wọn lọ. A jọ ń sáré kó o. Àǹtí ní, "Ọdọọdún ni, ọmọ mi. Ibo la fẹ́ gbé e gbà?"

Inú omi yẹn ni mo dúró sí tí mo fi mọ ohun tí màá yà: ọjà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn lára òkè, tí àgbàrá yóò máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Nítorí náà, n kò ní lè wálé ṣe Iléyá. Mò ń wọn ilẹ̀ ọjà náà lójoojúmọ́, mo sì ń jẹun dáadáa. Bí ọ̀gá bá tún dá a padà, màá tún un yà.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Sírájúdéènì àbúrò mi. Ẹ bá mi jẹ nínú ẹran náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùnírátù