Orúkọ tí ẹ lẹ̀ mọ́ ohun ìdarí bàálù tí èmi fọwọ́ ara mi ṣe

Bùlọ́ọ̀kù 17, Ilé 4,
Jakande Estate,
Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àfihàn Iṣẹ́ Ọwọ́ Àdúgbò,
Gbọ̀ngàn Ìfẹ́lódùn,
Bọ́ládé, Òṣòdì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ IṢẸ́ MI TÍ Ẹ FI ORÚKỌ ẸLÒMÍÌRÀN SÍ

1. Ọ̀gá wẹ́dà ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jórin ní Industrial Estate Ìsọlọ̀. Ìwé mẹ́ta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, síbẹ̀ àwọn ẹnjiníà tó gboyè a máa dúró wò mí nídìí iṣẹ́, wọn a kọ́gbọ́n.

2. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù inú kọ̀ǹpútà. Ohun ìdarí tí wọ́n ń tà fún un, ike lásán ni. Mo ṣe tèmi. Ọwọ́ ọ̀kadà ni mo fi ṣe èyí tí à ń dì mú. Jíà mọ́tò ni mo fi ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Ohun tí a fi ń yí ohùn rédíò sókè sódò ni mo so mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí mo yí i sí. Irin ìtẹsẹ̀ maṣíìnì ìránṣọ Àrìnkẹ́, ìyàwó mi tó ti dolóògbé, ni mo gé sí méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi.

3. Àrìnkẹ́ kò wọ bàálù rí. À ń múra Mẹ́kà lọ́wọ́ ni àìsàn dé. Mo ti fi irin ìtẹsẹ̀ rẹ̀ wa bàálù inú kọ̀ǹpútà láti Ìkẹjà dé ilẹ̀ Saudi lẹ́ẹ̀mẹta, bàálù náà kò sì já lulẹ̀ rí.

4. Lóṣù tó kọjá, ẹ ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ mú iṣẹ́ wá. Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù yín látòkè délẹ̀. Mo bẹ Ọ̀gbẹ́ni Ethan Adébánjọ, tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kọ̀ǹpútà ní Bọ́ládé, pé kó bá mi kọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i láì mọ ohun tó kọ. Àṣìṣe mi nìyẹn, mo gbà. Ọjọ́ tí mo wá wo iṣẹ́ mi ní gbọ̀ngàn yín, Nafeesah ọmọ ọmọ mi ló ka káàdì orí rẹ̀ fún mi, kò lè wo ojú mi: Ẹnjiníà Ethan Adébánjọ ló ṣe é, Ṣàmsúdéènì ló bá a jórin. Èmi! Ethan tí kò lè jó ilẹ̀kùn àgò adìyẹ ni wọ́n ní mo bá ṣiṣẹ́!

5. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bá akọ̀wé yín. Ó ní fọ́ọ̀mù ni àwọn ń wò, kì í ṣe ẹnu bàbá, àti pé kí ni wẹ́dà mọ̀ nípa bàálù? Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ẹ ó fún Ethan ní ìwé ẹ̀yẹ níwájú gbogbo Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ni yóò gbà mí gbọ́?

6. N kò béèrè ẹ̀bùn. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó fún un, ẹ bi í ní ohun tí a fín sábẹ́ irin ìtẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kó rí lẹ́tà yìí ṣáájú. Lẹ́yìn náà kí ẹ dojú wọn délẹ̀. ÀRÌN wà lábẹ́ ti òsì, KẸ́ wà lábẹ́ ti ọ̀tún. N kò fín orúkọ tèmi síbẹ̀, nítorí kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnìkan lè sọ pé òun ló ṣe é.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, tí inú ń bí,

Ṣàmsúdéènì Ọládòṣù
Ọ̀gá wẹ́dà, òun nìkan ló ṣe é